Kànga Tí Kámáráàdì Ọlágbénró Ní Kí Wọ́n Tún Dí

Nígbà tí ìwé dé láti Kútọnù pé kí àwọn ológun fà sẹ́yìn, pé àwọn aráàlú ni kí ó ṣáájú iṣẹ́ àtúnṣe ní Ìdí-Àyìn àti Sìnàkpá, Kámáráàdì Ọlágbénró ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló rí orúkọ ara rẹ̀ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó kọ ọ́ kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

"Aráàlú," ó ń sọ fún ara rẹ̀, "ta ni aráàlú ní Pàràkú yìí bí kò ṣe èmi?"

Lọ́jọ́ náà gan-an ló gba ọ̀dọ̀ aránṣọ lọ ní àdúgbò Ladjifarani. Ó ní kí wọ́n rán kakí alápò mẹ́rin fún òun, kí wọ́n fi bọ́tìnì idẹ sí i, kí wọ́n gbé èjìká rẹ̀ sókè dáadáa, kí gbogbo ayé lè rí i pé òun kì í ṣe ológun.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ẹ̀rín ṣì pọ̀ níwájú. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí kì í ṣe ẹ̀rín.

Ìdí-Àyìn jẹ́ abúlé àwọn àgbẹ̀ Yorùbá tí bàbá wọn ti Ṣábẹ̀ wá. Sìnàkpá jẹ́ ti àwọn Bàrìbá. Ọ̀nà màlúù kan ló là wọ́n láàárín, kànga kan ṣoṣo ni wọ́n sì jọ ń mu. Nínú ọyẹ́ ọdún náà, tí í ṣe ọdún kẹfà tí ìjọba ti kéde Ìyípadà, omi kànga lọ sílẹ̀, ẹnu kò sì kò mọ́ lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ pọn. Ọ̀rọ̀ di èébú, èébú di kùmọ̀, kùmọ̀ di iná. Kí àwọn ológun tó dé, ènìyàn mẹ́ta ti kú, ilé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ti jóná, àwọn kan sì ti yí òkúta sínú kànga náà títí tó fi dí. Ta ló dí i? Ará Ìdí-Àyìn ní ará Sìnàkpá ni. Ará Sìnàkpá ní ará Ìdí-Àyìn ni. Àwọn tí ilé wọn jó sá wá sọ́dọ̀ ẹbí ní àdúgbò Banikanni àti Albarika ní Pàràkú. Oṣù Ẹrẹ́nà ti ń parí lọ báyìí, òjò àkọ́rọ̀ ti ń bọ̀, ẹni tí kò bá sì kọ ebè nígbà tí ilẹ̀ bá rọ̀, kò sí ìwé ìjọba tí yóò bọ́ ọ lọ́dún tó ń bọ̀.

Iṣẹ́ tí Ọlágbénró ní òun ni yóò ṣe nìyẹn, wọ́n sì fi í ṣe Alága rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣe tíṣà kí ìjọba tó rí i pé ohùn rẹ̀ dún. Láti ìgbà náà, ẹnu ló fi ń gun òkè, kò sì tíì já bọ́ rí. Ó ní igbákejì kan tó ń jẹ́ Tìjáànì. Iṣẹ́ Tìjáànì kò ju méjì lọ: kó gbé báàgì, kó sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ìpàdé àkọ́kọ́ kún fọ́fọ́. Àwọn tí ilé wọn jó jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí pé àwọn tí wọ́n pè láti wá pàtẹ́wọ́ ti gba gbogbo àga. Ọlágbénró dìde nínú kakí rẹ̀ tuntun, aṣọ náà ń dún bí ìwé.

"Ẹ̀yin kámáráàdì lọ́kùnrin lóbìnrin! Ètò tí mo gbé kalẹ̀ yìí, ìpele márùn-ún ni. Ìpele kìn-ín-ní, ìmúra ọkàn. Ìkejì, ìwádìí ìdí ìjà náà láti ayé àwọn amúnisìn títí di òní. Ìkẹta, ìlàjà. Ìkẹrin, páànù. Ìkarùn-ún, ìdùnnú. Ẹnikẹ́ni tó bá dunnú kí ìpele karùn-ún tó dé, ọ̀tá ìlọsíwájú ni!"

"Ọpọlọ yìí kì í ṣe ọpọlọ ènìyàn!" Tìjáànì pariwo. "Tí Kámáráàdì Alága bá sín, ìmọ̀ ló ń jáde!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọlágbénró gbé ọwọ́ sókè pé kí wọ́n dákẹ́, ó sì ń fi ojú ẹ̀gbẹ́ wò wọ́n, ó ń retí pé wọn kò ní gbọ́ràn.

Nígbà náà ni ìyá àgbàlagbà kan dìde láàárín àwọn tó wà nílẹ̀. Ìbíyẹmí ni, ará Ìdí-Àyìn, ìyá tó bí ìyàwó Ọlágbénró. Láti ìgbà tí ilé rẹ̀ ti jó, òun àti àwọn ẹbí mẹ́wàá ló ń sùn ní pálọ̀ Ọlágbénró ní Albarika.

"Bàbá Adéwálé," ó ní, "ẹ kú làálàá. Ìbéèrè kan ni mo ní. Ìpele wo ni òjò wà?"

Ilé wó fún ẹ̀rín. Àwọn apàtẹ́wọ́ pàápàá rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó wà nínú ètò.

Etí Ọlágbénró gbóná. "Ìyá, níbí yìí èmi kì í ṣe Bàbá Adéwálé. Kámáráàdì Alága ni mo ń jẹ́. Òjò yóò sì dúró de ètò."

Nílé, ó gbé fọ́ọ̀mù fún un kó kọ ọ́. Ìbéèrè mọ́kànlélógójì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan bèèrè bóyá ilé náà jó pátápátá, bó jó díẹ̀, tàbí bó jó ní ìbámu pẹ̀lú ìlànà. Òmíràn ní kí wọ́n mú fọ́tò ilé náà wá, èyí tí wọ́n yà kó tó jó, ẹ̀dà mẹ́ta.

Ìbíyẹmí yí ìwé náà síwá sẹ́yìn. "Bàbá Adéwálé, ẹni tí iná ń lé kì í dúró ya fọ́tò."

"Láìsí fọ́tò, Ìyá, báwo ni ìjọba yóò ṣe mọ̀ pé ẹ nílé rí?"

"Ilé yẹn lẹ ti wá fẹ́ ìyàwó."

Ọlágbénró wo òkè àjà. Fọláṣadé, ìyàwó rẹ̀, kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. "Ẹ dákun, ogún páànù péré fún ìyá mi. Igba páànù ni ọkọ̀ ojú irin gbé dé lánàá, gbogbo Pàràkú ló rí i. Wọ́n fẹ́ lọ gbin iṣu wọn ni."

"Fọláṣadé, ìpele kìn-ín-ní la wà. Ṣé kí n fi páànù bo orí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣì ń jò?"

Gbólóhùn náà dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tó fi fa bírò yọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí yóò fi gbé ojú sókè, àwọn obìnrin méjèèjì ti jáde. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìbíyẹmí di ẹrù rẹ̀, ó wọ kámíò kan, ọkọ̀ ẹrù tó ń kó èédú, ó padà sí Ìdí-Àyìn. Kò dágbére fún Kámáráàdì Alága. Bàbá Adéwálé ló dágbére fún, ṣùgbọ́n ẹni yẹn kò sí nílé.

Ọjọ́ mẹ́wàá kọjá. Ọlágbénró ń to gbólóhùn kan tí kò fẹ́ tò nígbà tí Sìdíkátù, akọ̀wé tó ń tẹ̀wé fún un, kan ilẹ̀kùn wọlé.

"Kámáráàdì Alága, ìròyìn ayọ̀ dé o. Wọ́n ti ṣí kànga."

"Ta ló ṣí i?"

"Àwọn tó ń mu ún ni."

Ó ròyìn bí ó ti gbọ́ ọ. Ọjọ́ tí Ìbíyẹmí dé, ó lọ wo kànga, ó sì bá Bọ̀nà níbẹ̀, ìyá tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin Sìnàkpá. Àbúrò Ìbíyẹmí wà nínú àwọn mẹ́ta tó kú. Ọmọ Bọ̀nà náà wà nínú wọn. Wọn kò kí ara wọn. Wọ́n dúró, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, wọ́n ń wo òkúta. Nígbà tó pẹ́, Bọ̀nà sọ igbá tó gbé kalẹ̀, ó mú orí kan lára okùn kànga. Ìbíyẹmí mú ìkejì. Nígbà tí àwọn ọkùnrin rí i pé àwọn ìyá àgbà méjì fẹ́ gbé òkúta, ojú tì wọ́n, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga, ará Ìdí-Àyìn kan, ará Sìnàkpá kan. Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà wọ́n. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti jọ ń pọnmi, wọ́n sì ti ń po amọ̀ ilé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ ó rò pé inú olórí àtúnṣe yóò dùn. Ẹ kò mọ Ọlágbénró nìyẹn. Ṣe ló dìde, ó di àpò kakí rẹ̀ mú bí ẹni tí wọ́n jà lólè.

"Wọ́n làjà? Nínú ìpele kìn-ín-ní? Ta ló fún wọn láṣẹ? Àwọn aṣojú láti Kútọnù ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ láti wá wo bí mo ṣe ń là wọ́n! Kí ni kí n là?"

"Ó burú jáì," Tìjáànì ní. "Ìlàjà láìsí òǹtẹ̀!"

Lándírófà ni wọ́n wọ̀ lọ. Bí Ọlágbénró ti sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá kànga, tó rí èrò, ó na ìkúùkù sókè, ó kígbe gẹ́gẹ́ bí ìjọba ti kọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ láti máa kí ara wọn:

"Ìjà ń tẹ̀síwájú!"

Yéè! Àwọn obìnrin gbá ọmọ wọn mú, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ. Ọkùnrin kan ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó gbé igi. "Ìjà wo? Ta ló tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?" Ará Ìdí-Àyìn ń wo ará Sìnàkpá, ará Sìnàkpá ń wo ará Ìdí-Àyìn, àfi bí ẹni pé ọjọ́ burúkú náà ti tún dé. Ó gba Tìjáànì tó wákàtí kan kó tó fi yé wọn pé ìkíni lásán ni, pé ìjọba kò ní ìjà kankan lọ́kàn. Ẹ wò ó, ènìyàn kan ṣoṣo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ fi gbólóhùn kan tú ohun tí okùn ọjọ́ mẹ́ta so pọ̀.

Nígbà tí wọ́n jókòó tán, Ọlágbénró sọ ohun tó bá wá. Kí wọ́n kó òkúta padà sínú kànga. Lọ́jọ́bọ̀, níwájú àwọn aṣojú, òun fúnra òun yóò pàṣẹ kí wọ́n kó o jáde, wọn yóò sì dì mọ́ ara wọn pẹ̀lú omijé.

Àwọn ará abúlé rò pé Yorùbá rẹ̀ ni kò yé wọn.

"Bàbá Adéwálé," Ìbíyẹmí ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "ṣé ara yín yá?"

"Kí ètò lè bá ètò mu ni, Ìyá. Ọjọ́ mẹ́rin péré."

Bọ̀nà ti gbọ́ Yorùbá láti ọjọ́ tó ti ń ná ọjà Pàràkú. Ó sún mọ́ iwájú. "Ọ̀gá, nínú òkúta yẹn, ọ̀kan wà tí mo mọ ẹni tó yí i síbẹ̀. Ọmọ mi ni. Mo rí i lójú mi lọ́jọ́ náà, mi ò dá a lẹ́kun. Kò pé wákàtí kan lẹ́yìn náà tó kú. Nígbà tí wọ́n fa òkúta yẹn jáde, mo jókòó lé e lórí, mo sọ fún gbogbo wọn pé ọmọ mi ni. Ẹ wá ní kí n dá a padà?"

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé Ọlágbénró kì í ṣe igi. Ohun kan gun un láyà. Ó la ẹnu, bóyá ì bá bẹ̀ ẹ́, bóyá ì bá wọ ọkọ̀ rẹ̀ padà sílé, kí ìtàn yìí sì parí síbí pẹ̀lú ọlá. Ṣùgbọ́n Tìjáànì wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì rántí pé òun ni Alága.

"Ó dára," ó ní, bí ẹni tó ń ná ọjà, "n ó dín in kù. Òkúta mẹ́wàá."

Àwọn obìnrin abúlé méjèèjì jókòó yí ẹnu kànga ká, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí i, wọ́n na ẹsẹ̀. Àwọn alágbàṣe mẹ́fà tí Ọlágbénró kó wá láti Pàràkú gbé òkúta dání, wọ́n dúró títí apá fi ro wọ́n. Nígbà tí òùngbẹ gbẹ wọ́n, wọ́n sọ òkúta sílẹ̀, wọ́n tọrọ omi. Inú kànga yẹn náà ni wọ́n ti fà á fún wọn.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kì í tán nínú ẹni tí kò ní í. Ọlágbénró ní kí wọ́n ta aṣọ pupa bo ẹnu kànga, kí wọ́n sì gbé pátákó kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: KÀNGA YÌÍ ṢÌ WÀ NÍ DÍDÍ. Ẹni tó bá fẹ́ pọnmi yóò ká aṣọ náà sókè, yóò pọn, yóò sì rọra dá a padà kí ó má bàa rún. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n kó igba páànù wá sí, wọ́n fi kan Gbọ̀ngàn Ìlàjà, ibi tí àwọn aṣojú yóò jókòó sí kí oòrùn má pa wọ́n. Ògiri ìdajì ilé Ìdí-Àyìn ti dúró nígbà náà, ó ń wo òkè, kò ní ìbòrí.

Ọjọ́bọ̀ pé. Olórí àwọn aṣojú jẹ́ ọkùnrin kan tó ga, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí kò wọ kakí, tí kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n fi í sí àárín gbọ̀ngàn. Tìjáànì kọrin orúkọ ọ̀gá rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi ha. Ọlágbénró gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kalẹ̀, ojú ewé méjìlélógójì, ó sì bẹ̀rẹ̀.

"Kámáráàdì Aṣojú! Ẹ wo àwọn ènìyàn yìí! Ìkórìíra ń hó nínú wọn bí omi gbígbóná! Láìsí èmi, wọn ì bá ti jẹ ara wọn tán! Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yà méjèèjì yà sọ́tọ̀: Ìdí-Àyìn sí ọ̀tún, Sìnàkpá sí òsì, kí n lè pè wọ́n wá papọ̀!"

Kò sẹ́ni tó mira. Àwọn ènìyàn ti jókòó pọ̀ mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kò lè dá wọn mọ̀. Ìbíyẹmí àti Bọ̀nà jọ wà lórí ẹní kan.

"Mo ní kí ẹ yà sọ́tọ̀!"

Wọ́n wo ara wọn, wọ́n dìde, gbogbo wọn pátá sì lọ sí òsì.

Aṣojú náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọlágbénró ń wá ibi tó ka ọ̀rọ̀ dé nígbà tí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ balẹ̀ sórí páànù: tó! Ìkejì tẹ̀lé e. Kí wọ́n tó mọ̀, òjò ti dé, òjò gidi, èyí tí ilẹ̀ ti ń retí láti oṣù mẹ́fà. Ariwo rẹ̀ lórí páànù gbé ohùn Alága mì. Ojú kan náà ni àwọn ará abúlé dúró sí, lábẹ́ òjò, wọ́n ń wo àwọn ògiri amọ̀ wọn.

Aṣojú náà tẹ etí sí Ọlágbénró. "Igba páànù tí a fi ránṣẹ́ sí wọn ńkọ́?"

"Wọ́n wà ní ìpamọ́, Kámáráàdì! Wọ́n wà fún ìpele kẹrin!"

"Níbo?"

Aṣojú gbé ojú sókè, ó wo páànù tó bo orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó jáde kúrò lábẹ́ gbọ̀ngàn, ó sì lọ dúró sínú òjò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìbíyẹmí.

"Ìyá," ó ní, "ta ni olórí àtúnṣe níbí?"

"A kò yan ẹnì kankan, ọmọ mi. A kàn ń ṣe é ni."

"Ẹ wá tú páànù yín."

Wọn kò jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọkùnrin gun òkè gbọ̀ngàn tòun ti òòlù. Ṣùgbọ́n Ọlágbénró kò kúrò nídìí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ti dé ojú ewé kẹtàlá, ọkàn rẹ̀ sì ń sọ fún un pé bí òun bá lè kà á parí, gbogbo nǹkan yóò padà tò. Wọ́n tú páànù kan lápá ẹ̀yìn, ó ń kà. Wọ́n tú mẹ́wàá, ó gbóhùn sókè. Àwọn àlejò sáré wọ mọ́tò. Tìjáànì gbé báàgì, ó tẹ̀lé wọn. Nígbà tí wọ́n tú èyí tó wà lókè orí rẹ̀ gan-an, omi dà sórí ìwé náà, yíǹkì ṣàn, ọ̀rọ̀ nípa ìdùnnú àti ọ̀rọ̀ nípa àwọn amúnisìn sì dà pọ̀ di ẹyọ àbàwọ́n kan. Ó ṣì dúró níbẹ̀, ó na ìwé tútù náà síwájú, ẹnu rẹ̀ ń lọ, kò sí ohùn.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n ní kó wá fẹnu ara rẹ̀ ka àṣìṣe ara rẹ̀ níwájú ìpàdé ní Pàràkú. Ó ṣe é lójú ewé kan. Tìjáànì ló kọ́kọ́ dìde bá a wí. Ó ní ọjọ́ pẹ́ tí òun ti ń kíyè sí i pé ọpọlọ ọkùnrin náà kò pé. Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Kútọnù sọ pé Ètò náà yọrí sí rere pátápátá, àti pé wọ́n ti mú olórí rẹ̀ kúrò kí ó má bàa bà á jẹ́. Sìdíkátù ló tẹ̀ ẹ́. Kò sì ṣe àṣìṣe kankan.

Ilé dá ní Albarika. Fọláṣadé ti lọ bá ìyá rẹ̀ kọ ebè. Ọlágbénró dá jókòó ní pálọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún ó wọ ṣòkòtò àtijọ́ kan, ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìdí-Àyìn. Ó bá Ìbíyẹmí lẹ́nu iṣẹ́ ògiri, amọ̀ dé ìgbúnwọ́ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Ìyá, mo wá láti sọ pé..."

Òun tí kì í wá ọ̀rọ̀ tì, ó wá a tì. Ìbíyẹmí nu amọ̀ ọwọ́ rẹ̀ sára ògiri.

"Fọláṣadé wà lóko, yóò dé ní ọ̀sán," ó ní. "Ẹ dìde nínú ẹrọ̀fọ̀, ẹ wá bá wa gbé amọ̀."

Àwọn ènìyàn ti tò láti ibi kòtò amọ̀ dé ìdí ògiri, wọ́n ń na amọ̀ síra wọn láti ọwọ́ dé ọwọ́. Àyè kan ṣí sílẹ̀ láàárín. Ó wọlé síbẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin Bàrìbá kan na ìṣù amọ̀ àkọ́kọ́ sí i, ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin náà yíjú sí Bọ̀nà, ó sì bi í ní èdè wọn pé ta nìyí.

Bọ̀nà kò gbé ojú kúrò nínú amọ̀ tó ń pò.

"Àna Ìbíyẹmí ni. Máa bù ú kékeré fún un, kò tíì mọṣẹ́."